Ìtàn Ọmọ Àgbàtọ́: Ta Ló Ni Ín?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá wa sáyé láìbi wá léèrè irú ilé tí a fẹ́ wọ̀ sí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí kò fojú kan baba rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 6.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí bẹ̀rẹ̀ ní Ifákọ̀ níbí, lẹ́yìn àsàláátù ọjọ́ Àìkú kan. Ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin wa, tó ń fi kámẹ́rà jẹun, tó máa ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ káàkiri Gbàgádà àti Ketu, dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan." Tọkọtaya kan ládùúgbò, tí wọ́n ti ń wojú Ọlọ́hun fún ọmọ láti ọdún 11, ti rí ọmọbìnrin kan gbà tọ́ nípasẹ̀ ìjọba. Wọ́n fẹ́ kí ó bá wọn ṣe fíìmù rẹ̀. Kì í ṣe eré oníṣe o; ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ kí aráyé rí: ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti rí ọmọ náà, bí ó ṣe débẹ̀, ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹun lọ́wọ́ wọn, ọjọ́ tí wọ́n lọ sí kóòtù, pẹ̀lú ojú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀. Wọn yóò gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn tó ń wá ọmọ lè rí i, kí ọkàn wọn sì balẹ̀. Ó bi mí pé, "Áfáà, ṣé hàláálì ni?"

Mo dá a lóhùn kíá pé hàláálì ni. Èrò rere ni, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ilé, ọkàn mi ti ń dá mi lẹ́jọ́. Ọkọ gbà, ìyàwó gbà, ẹni tó ni kámẹ́rà gbà, áfáà náà gbà. Ọmọ ọdún 2 tí ìtàn náà jẹ́ tirẹ̀ ńkọ́? Ta ló bi í?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ kan múlẹ̀. Gbígba ọmọ tọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú nínú ẹ̀sìn wa. Ànábì (S.A.W.) sọ fún wa pé òun àti ẹni tó ń tọ́jú ọmọ òrukàn yóò súnmọ́ ara wọn nínú Àlùjánnà bí ìka ọwọ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ àgbàtọ́ ni òun fúnra rẹ̀. Abdul-Muttalib bàbá rẹ̀ àgbà gbà á tọ́. Nígbà tí ìyẹn kú, Abu Talib, ọmọ ìyá baba rẹ̀, gbà á. Síbẹ̀ kò sí ẹni tó sọ ọ́ di ọmọ Abu Talib. Muhammad ọmọ Abdullahi ni, títí di òní.

Ẹ tún rántí Zayd. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á lẹ́rú, ó sì dé ọ̀dọ̀ Ànábì nípasẹ̀ Khadija. Nígbà tí Haritha baba rẹ̀ wá a dé Mọ́kà pẹ̀lú owó ìràpadà, Ànábì kò béèrè kọ́bọ̀. Ó ní kí wọ́n bi Zayd fúnra rẹ̀ léèrè ibi tí ó fẹ́ wà. Zayd yàn láti dúró. Àwọn ènìyàn wá ń pè é ní Zayd ọmọ Muhammad, títí àṣẹ Ọlọ́hun fi sọ̀kalẹ̀ nínú Sùúrà Al-Ahzaab, áyà 5, pé orúkọ baba wọn ni kí á máa fi pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àti pé bí a kò bá mọ baba wọn, ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn ni wọ́n. Ó padà di Zayd ọmọ Haritha, ìfẹ́ kò sì dín: òun ni Ànábì fi ṣe olórí ogun Mu'ta, níbi tó ti kú ní ọdún 8 lẹ́yìn Híjírà. Nínú gbogbo sàhábà, orúkọ tirẹ̀ nìkan ni Ọlọ́hun dá nínú Kùráánì. Ẹ kíyè sí i: ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ ni, wọ́n béèrè ohun tó fẹ́, wọn kò sì gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí fi hàn wá pé àṣà ìfipamọ́ tó wà láàárín wa kò tọ̀nà. Àwọn kan a gba ọmọ tọ́, wọn a kó kúrò ládùúgbò, wọn a sì lérí pé ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbọ́ láéláé. Ọjọ́ kan ni èdè-àìyedè yóò ṣẹlẹ̀ níbi ogún tàbí níbi ìgbéyàwó, ẹnìkan yóò sì ju ọ̀rọ̀ náà sí i lójú bí òkúta. Arábìnrin kan wà tí ń jẹ́ Deann Borshay Liem, tí wọ́n gbà tọ́ láti Kòríà lọ sí Amẹ́ríkà ní 1966. Ó dàgbà tán kó tó mọ̀ pé ìwé ọmọ mìíràn ni wọ́n fi gbé òun lọ, pé orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé náà kì í ṣe tòun. Ó fi kámẹ́rà wá ìdílé rẹ̀ kiri, ó sì gbé fíìmù First Person Plural jáde ní 2000. Ẹni tí wọ́n bá gba òtítọ́ orísun rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì ayé rẹ̀ ni yóò fi máa wá a.

Nítorí náà, ó di dandan kí á sọ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n kí á sọ fún ọmọ, àti kí á sọ fún ọjà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ibí yìí gan-an ni mo ti ṣìnà nígbà tí mo dáhùn kíá.

Ẹ ṣí Sùúrà An-Nisaa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á dá ohun ìní ọmọ òrukàn padà fún un. Ó ní kí á máa dán wọn wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó. Bí a bá rí làákàyè lára wọn, kí á kó ohun ìní wọn lé wọn lọ́wọ́, kí á sì wá ẹlẹ́rìí sí i. Alágbàtọ́ tó ní ànító kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Aláìní lè jẹ níbẹ̀ ní ìwọ̀n tó tọ́. Ẹni tó bá sì fi àbòsí jẹ ẹ́, iná ló ń jẹ sínú.

Bí a bá kà á, ilé, ilẹ̀ àti owó ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ tí wọ́n gbé láti ilé ìtọ́jú ní? Kò ní ilé, kò ní ilẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ló bá wá: ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀, àti ìtàn bí ó ṣe dé ibi tó wà. Ìtàn náà ni oko tí àwọn òbí rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Alágbàtọ́ ń ṣọ́ ọ ni, kì í ṣe òun ló ni ín. Ẹni tó bá gbé e sọ́jà kí ọmọ tó gbọ́n, oko ọmọ òrukàn ló tà. Kì í sì í ṣe oko tí a lè rà padà, nítorí àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí náà jẹ̀bi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ilé-kéwú kan tí mo ti ń kọ́ni, àwọn olóore gbé ìrẹsì wá fún àwọn ọmọ òrukàn nígbà ààwẹ̀. Èmi ni mo tò wọ́n síwájú. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé àpò ìrẹsì mọ́ àyà kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín, a sì ya fọ́tò wọn. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ Kùráánì ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Títí di ọjọ́ yẹn, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé baba rẹ̀ ti kú. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti ń pè é ní "Ìrẹsì Òrukàn." Kò pẹ́, kò wá mọ́. Nígbà tí mo wá a lọ sílé, kò bínú sí mi. Ó kàn ní, "Áfáà, ṣé ẹ ò lè fún mi ní ìrẹsì yẹn láìya fọ́tò ni?" N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní, n kò tíì rí i.

Ẹnìkan lè ní, ṣé kí á má wá ṣe fíìmù irú èyí mọ́ ni? Rárá o. Ẹ wo Jimmy Akingbola, òṣèré tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Láti ọmọ ọdún 2 ni ìdílé aláwọ̀ funfun kan ti gbà á tọ́ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò pa orúkọ baba rẹ̀ rẹ́. Akingbola ló ń jẹ́ títí di òní. Ní 2022, nígbà tó ti lé ní ẹni 40 ọdún, ilé-iṣẹ́ tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ṣe fíìmù Handle with Care, tẹlifísàn ITV sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn tó tọ́ ọ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, òun ló sọ ìdí tí ìyá rẹ̀ kò fi lè tọ́ ọ. N kò ní tún ìdí náà sọ níbí. Òun ló ni ín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Adewale Akinnuoye-Agbaje. Ẹ mọ̀ pé láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní Ìlú Ọba máa ń fi ọmọ wọn sọ́dọ̀ ìdílé aláwọ̀ funfun, kí àwọn lè ráyè kàwé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Wọ́n tilẹ̀ ń polówó fún alágbàtọ́ nínú ìwé ìròyìn Nursery World. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 6 ni Adewale nígbà tí wọ́n gbé e fún irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní Tilbury. Ìyà inú ìtàn náà pọ̀. Ó dàgbà, ó fi ṣe eré tó pè ní Farming, tó jáde ní 2018. Àwọn méjèèjì sọ ìtàn wọn, aráyé jàǹfààní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni oko ló ṣí ọgbà rẹ̀ fún wa.

Èyí tó le jù ni fíìmù Mercy Mercy, tí Katrine Kjær, ará Dẹ́ńmáàkì, gbé jáde ní 2012. Tọkọtaya kan ní Ethiopia, tí kòkòrò HIV wà lára wọn, tí wọ́n rò pé ikú ti dé tán, fi ọmọ 2 sílẹ̀ fún tọkọtaya ará Dẹ́ńmáàkì. Ikú kò dé. Ìròyìn àwọn ọmọ náà kò sì dé bí wọ́n ṣe ń retí rẹ̀. Ọmọbìnrin àárín wọn kò rójú nílé tuntun, ilé ìtọ́jú ọmọ ni wọ́n mú un lọ nígbẹ̀yìn. Kámẹ́rà rí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹkún ọmọ náà. Fíìmù yìí da ọ̀rọ̀ gbígba ọmọ láti òkèèrè rú ní Dẹ́ńmáàkì, ó sì tú àṣírí ìyà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ǹjẹ́ ó dára kí wọ́n ṣe é? Bí wọ́n bá ń jẹ ọmọ níyà, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn láti gbèjà rẹ̀, ìpayà lè sọ ohun tí kò yẹ di ohun tí a gbà láyè. Síbẹ̀, ẹkún ọmọ náà wà níbẹ̀ títí, kò sì tíì tó ẹni tí wọ́n ń bi léèrè nígbà náà. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí nígbà tí a ń gbèjà ọmọ, mélòómélòó nígbà tí ó jẹ́ ayọ̀ tiwa la fẹ́ fi han aráyé?

Mo padà lọ bá arákùnrin wa, mo ní mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Inú rẹ̀ bàjẹ́, nítorí ó ti gba owó àsansílẹ̀. A jọ lọ sọ́dọ̀ tọkọtaya náà. Ọkọ dákẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó dá mi lóhùn. Wọ́n ní, "Áfáà, ọdún 11 ni wọ́n fi ń pè mí ní àgàn lójú mi. Ṣé èmi náà ò ní ìtàn ni?"

Òtítọ́ lobìnrin náà sọ. Wọ́n ní ìtàn. Alágbàtọ́ lè jẹ níbẹ̀ ní ìwọ̀n tó tọ́, ìwọ̀n náà sì ni mo bá wọn wá. Ọdún 11 jẹ́ tiwọn: ẹ̀gàn, àdúà òru, ilé ìwòsàn, ìwé tí wọ́n kọ sí ìjọba, bí ẹ̀rù ṣe bà wọ́n. Kí wọ́n sọ ọ́ ketekete, yóò ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ, orúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti rí i àti ohun tí wọ́n gbọ́ nípa ìyá tó bí i, ti ọmọ ni. Ìyá náà ní àṣírí, kò sì sí níbẹ̀ láti fèsì. Kí wọ́n ya ìyókù náà bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n dì í, kí wọ́n fi pamọ́ bí ẹni tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ fún ọmọ. Kí wọ́n máa sọ ìtàn náà fún un díẹ̀díẹ̀ bí ọgbọ́n rẹ̀ ṣe ń kún. Bí ó bá bàlágà, tí làákàyè rẹ̀ pé, kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́, kí ó fi han gbogbo ayé. Bí ó bá fẹ́, kí ó jó o níná.

Wọn kò tíì fún wa lésì, èmi náà kò kán wọn lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà nínú àpò, kí ẹ tó ya ọmọ ọlọ́mọ níbi ìtọrẹ àánú ẹgbẹ́ wa, ẹ bi ara yín pé: bí ọmọ yìí bá dàgbà, ṣé yóò kí mi kú iṣẹ́, àbí yóò bi mí ní ìbéèrè tí ọmọkùnrin yẹn bi mí?

Kí Ọlọ́hun fi ọmọ rere ta àwọn tó ń wá a lọ́rẹ, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí á jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn, yálà èyí tí a lè fọwọ́ kàn tàbí èyí tí a kò lè fọwọ́ kàn. Kí Ó bo àṣírí wa láyé àti lọ́run. Àmín.