Ẹni Tí Ó Pe Àlejò Sí Ìjà Ilé



Ní orí kẹrìndínlógún Ìwé Kejì ti Àwọn Ọba, a kà nípa Áhásì, ọba Júdà. Ìjọba Dáfídì ti pín sí méjì nígbà náà: Ísírẹ́lì ní àríwá, Júdà ní gúúsù, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ baba kan náà ni wọ́n. Ọba Ísírẹ́lì fi ọba Síríà ṣe ẹnìkejì, wọ́n sì jọ gbógun ti Jerúsálẹ́mù. Kí ni Áhásì ṣe? Ó kó fàdákà àti wúrà inú ilé Olúwa, ó fi ránṣẹ́ sí ọba Àsíríà pé kí ó wá gba òun. Àlejò náà wá lóòótọ́. Ó gba Damásíkù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà Àsíríà gbé Ísírẹ́lì mì, Júdà sì di ẹni tí ń san ìsákọ́lẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹnìkan ni ó pe àlejò. Àwọn méjèèjì ni.

Ogun Kóńgò ni ó mú mi rántí ìtàn yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ kóńgò mìíràn ju èyí tí a fi ń wọn gàrí lọ́jà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, 1960, Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Moïse Tshombe fi ya Katanga sọ́tọ̀. Katanga ni ilẹ̀ bàbà. Láti ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú uranium tí Amẹ́ríkà fi ṣe bọ́ǹbù tí ó jù sí Jàpáàn ní 1945 ti wá. Bẹ́ljíọ̀mù dúró lẹ́yìn Tshombe. Patrice Lumumba, Olórí Ìjọba, kọ́kọ́ ké sí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọn kò bá a ṣẹ́gun Katanga, ó yíjú sí Rọ́ṣíà, Rọ́ṣíà sì fún un ní ọkọ̀ òfurufú. Amẹ́ríkà wí pé Kọ́múnísì ti dé, ó sì gbìmọ̀ láti pa á. Ìwádìí Ilé Aṣòfin Àgbà wọn ni ó tú u síta ní 1975. Ààrẹ Kasavubu, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní sẹ́mínárì rí, lé Lumumba kúrò. Wọ́n pa á ní Katanga ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1961. Bẹ́ljíọ̀mù tọrọ àforíjì ní 2002. Ní 2022 ni wọ́n sì dá ẹyín rẹ̀ kan padà fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti sin.

Àwọn sójà tiwa wà níbẹ̀ lábẹ́ àsíá Ìparapọ̀. Adekunle Fajuyi, ọmọ Adó-Èkìtì, gba àmì-ẹ̀yẹ akọni níbẹ̀. Aguiyi-Ironsi ni olórí gbogbo ọmọ ogun náà ní 1964. Àwọn méjèèjì bá ẹlòmíràn parí ìjà ilé, wọ́n sì padà wálé láìfarapa. Ní Ìbàdàn, ní oṣù Keje, 1966, ni a pa àwọn méjèèjì pọ̀, nígbà tí ilé tiwa gbiná.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, 1964, àwọn sójà Bẹ́ljíọ̀mù já láti inú ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà sórí Stanleyville, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ Simba gbà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Isiro, ọ̀gágun ọlọ̀tẹ̀ kan fẹ́ fi Sísítà Anuarite Nengapeta ṣe aya. Ó kọ̀ nítorí ẹ̀jẹ́ rẹ̀ sí Olúwa, a sì pa á. Kò tíì pé ẹni ọdún 25. Póòpù John Paul Kejì kéde rẹ̀ ní Ẹni Alábùkún ní Kinshasa ní 1985. Kí ni ó pa òun pọ̀ mọ́ Moscow tàbí Washington? Kò ní kòtò bàbà kankan.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìjọ Mímọ́ dá ẹ̀kọ́ Kọ́múnísì lẹ́bi, nítorí ó sẹ́ Ọlọ́run. Póòpù Pius Kọkànlá sọ ọ́ ní 1937. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà kan náà ni ó bá àwọn tí ń fi owó iṣẹ́ du òṣìṣẹ́ wí. A kò lè fi orúkọ Ọlọ́run bo ojú kòtò bàbà. Àwọn tí wọ́n ní àwọn ń lé aláìgbàgbọ́ ni wọ́n gbé Mobutu ró, tí ó jẹ gàba títí di 1997, tí ìṣúra ìlú fi gbẹ. Kọ́múnísì sì ti lọ tipẹ́ nígbà tí Goma bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 ní oṣù Kìíní, 2025, tí Rwanda ń tì lẹ́yìn.

Nísinsìnyí mo yíjú sí ilé. Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, mo mọ ẹbí tí ìjà ilẹ̀ oko tàbí ti oyè pín sí méjì. Apá kan lọ wá olóṣèlú ní Ìbàdàn, apá kejì lọ wá àwọn jàǹdùkú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jọ ń wá síbi tábìlì Olúwa. Ta ni nínú yín tí ó ti jókòó ti arákùnrin rẹ̀ kí ó tó wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn? Ọ̀dọ̀ àlùfáà yín ṣí sílẹ̀ ní alẹ́ Ọjọ́rú gbogbo. Ẹ mú àwọn àgbà ẹbí méjèèjì wá.

Lẹ́yìn Míísà kejì ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, a ó ka Róṣárì fún Kóńgò. Ẹni tí baba tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ogun náà kí ó kọ orúkọ rẹ̀ fún katikíìsì, kí a lè dárúkọ òkú àti alààyè níwájú pẹpẹ.