Ṣé Ẹ̀bi Ni Sísanra?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí: bí ènìyàn bá sanra ju bó ti yẹ lọ, ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni? Ìbéèrè náà kò kéré, nítorí pé ojoojúmọ́ ni à ń dá ẹjọ́ yìí láìdé kóòtù. Bí ẹni tó sanra bá wọ ibi wòlímọ̀, àwọn kan nínú wa á ní, “Ayé yẹ ẹ́, ẹ ò rí ara rẹ̀?” Àwọn mìíràn á máa fi ojú sọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni, alájẹkì ni, wọn á sì máa pè é ní òróbó. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bú u, ṣùgbọ́n ojú lásán ni gbogbo wọn fi ṣèdájọ́. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ń wò.

Kí á tó dá ènìyàn lẹ́jọ́, ó yẹ kí á mọ òṣùwọ̀n tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí àwọn oníṣègùn sábà máa ń lò ni BMI: wọ́n á sọ gíga ènìyàn ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, wọ́n á sì fi pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò. Ẹni tó wọn kílò 87, tó sì ga ní mítà 1.70, yóò ní 30. Láti 25 lọ sókè ni wọ́n ti ń kà á sí pé ara ti wúwo jù. Tó bá di 30, ó ti di ìsanrajù. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ní ilẹ̀ Belgium, ló ṣe ìṣirò yìí ní ọdún 1832. Bí ara àwọn ènìyàn àwùjọ ṣe rí lápapọ̀ ló ń wá. Kò ní aláìsàn kankan lọ́kàn. Ní ọdún 1972 ni Ancel Keys, ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí di òní. Òṣùwọ̀n náà wúlò, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran ara líle àti ọ̀rá, kò sì mọ ibi tí ọ̀rá jókòó sí. Ọ̀rá tó wà ní ìdí àti itan kò léwu tó èyí tó wà nínú ikùn, tó yí ìfun ká, tó sì wọnú ẹ̀dọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo inú ẹ̀jẹ̀. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí à ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba ara wa kì í ṣe májèlé. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe é, ara kò sì lè ṣe kó má lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í pò mọ́ omi, nítorí náà kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, àfi kó ní alábàárù. Alábàárù tí wọ́n ń pè ní LDL ń gbé e kiri ara. Bí ó bá pọ̀ jù, á máa já ẹrù sí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ sì ni àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní HDL ń kó àjókù láti ara ògiri náà padà sí ẹ̀dọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe ọ̀kan ní búburú, tí wọ́n sì ń pe èkejì ní rere.

Ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1948 fi hàn nígbà tó yá pé ẹni tí HDL rẹ̀ kéré, àrùn ọkàn súnmọ́ ọn ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn kan wá rò pé bí HDL bá ti lè pọ̀ sí i, ìwòsàn dé. Wọ́n ṣe oògùn kan tó ń jẹ́ torcetrapib, HDL sì fi nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2006 wọ́n dá ìdánwò oògùn náà dúró. Àwọn tó lé ní 15,000 ló wà nínú ìdánwò yìí, àwọn tó ń lo oògùn náà sì ń kú ju àwọn tí kò lò ó lọ. Oògùn náà ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru, èyí sì wà lára ohun tí wọ́n rí sí i. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Philadelphia fi hàn pé bí HDL ṣe mọ ọ̀rá kó tó ní ipa tirẹ̀ lórí àrùn ọkàn, yàtọ̀ sí bó ṣe pọ̀ tó. Ọgọ́rùn-ún alábàárù tó jókòó lásán kò tó mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́.

Kí ni èyí kan ẹni tó sanra? Bí ọ̀rá bá pọ̀ nínú ikùn àti ẹ̀dọ̀, ara kì í fẹ́ gbọ́ ti ínsúlínì mọ́, ìyẹn èròjà tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á máa tú ọ̀rá mìíràn tí wọ́n ń pè ní triglyceride jáde. HDL á dínkù, iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa rọ̀. LDL á di wẹ́wẹ́, á sì pọ̀ níye, nígbà tí àpapọ̀ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù lórí ìwé àyẹ̀wò lè máa dà bí ẹni pé kò burú. Nítorí náà, ẹni méjì lè gba èsì kan náà kí ewu wọn má dọ́gba. Ẹni méjì lè wọn kílò kan náà kí inú wọn yàtọ̀. Ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí à ń yìn náà lè ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹni tó sanra lè wí pé, “Ẹ ṣeun. Gbogbo àyẹ̀wò mi ló dára, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀.” Kí ó má yára. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2017, lórí ènìyàn mílíọ̀nù 3.5 ní Bìrìtéènì, fi hàn pé àwọn tó sanra jù tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ, tí wọn kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì bàjẹ́, ewu àrùn ọkàn wọn ṣì fi nǹkan bí ìdajì ju ti àwọn tí ìwọ̀n wọn dára lọ. Ojú lè purọ́, ìwé àyẹ̀wò náà kì í sì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ẹ̀bi. Ní ọdún 1986, Albert Stunkard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí 540 ènìyàn ní ilẹ̀ Denmark tí àwọn ẹlòmíràn gbà tọ́ láti kékeré. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ìsanra wọn jọ ti òbí tó bí wọn. Kò jọ ti àwọn tó ń se oúnjẹ fún wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, báwo ni a ṣe lè fi gbogbo rẹ̀ di ọ̀ràn sí ènìyàn lọ́rùn?

Ṣé kí á wá ní kò sí ẹni tó ní ojúṣe? Rárá o. Ẹ̀bi yàtọ̀ sí ojúṣe. Ẹ wo ẹni tí wọ́n fi oko ọmọ òrukàn síkàáwọ́ rẹ̀. Òun kọ́ ló yan oko náà. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ àpáta. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé tí ilẹ̀ náà fi rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe tọ́jú rẹ̀ ni wọn yóò bi í. Àmáánà ni ara wa. Olúkúlùkù ló gba tirẹ̀ bó ṣe bá a, olúkúlùkù ni yóò sì jíhìn lórí ìtọ́jú rẹ̀.

Ìtọ́jú náà kò sì kọjá agbára. Ní ọdún 2002, èsì ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí 3,234 ènìyàn tí wọ́n wúwo jù, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti ń súnmọ́ àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan nínú wọn dín ìwúwo wọn kù ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù láàárín wọn. Fún ẹni tó wọn kílò 100, kílò 7 péré nìyẹn. Lójú àwọn tó ń bú u, ó ṣì sanra. Nínú ara rẹ̀, nǹkan ti yí padà.

Ojúṣe kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó sanra nìkan. Àwa la máa ń bu oúnjẹ kún abọ́ àlejò lẹ́ẹ̀kẹta, tí a óò gbé mínírà méjì tì í, tí a óò bínú bí kò bá jẹ ẹ́ tán. Àwa náà la óò fi ikùn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kejì. Arábìnrin wa tí a ti fi ọ̀rọ̀ gún lára á máa tijú àtirìn níta, á máa sá fún ilé ìwòsàn, á sì máa ra oògùn afọnra tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìyẹn bá pa á lára, ta ló jẹ̀bi?

Ohun tí a gbà gbọ́ nìyí: sísanra fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi, ìtọ́jú ara ni ojúṣe. Kí ẹni tó sanra lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ríru rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ àti ọ̀rá rẹ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Kí ẹni tínrín náà lọ ṣe àyẹ̀wò kan náà, kí ó má fi ìrísí tan ara rẹ̀ jẹ. Kí gbogbo wa ṣọ́ abọ́ tí à ń gbé fún àlejò, kí á sì ṣọ́ ẹnu wa. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera, kí Ó sì jẹ́ kí á lè tọ́jú ohun tí Ó fi síkàáwọ́ wa. Àmín.