Ojú Tí Ìlẹ̀kẹ̀ Bò

Ìbòjú ìlẹ̀kẹ̀ ni ayé fi mọ Anas Aremeyaw Anas, akọ̀ròyìn ará Ghana. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ a máa rọ̀ wálẹ̀ láti etí fìlà rẹ̀ títí dé àgbọ̀n, àfi bí ẹni pé ó wo adé ọba wa ṣe é. Ẹ̀sùn tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ sí i ni pé ọmọlúàbí kì í parọ́, bẹ́ẹ̀ irọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́: lónìí oníṣòwò, lọ́la aláìsàn. Èmi ò rò pé ibẹ̀ ni ẹ̀bi rẹ̀ wà. Nígbà tó ṣe bí alárùn ọpọlọ wọ ilé ìwòsàn wọn ní Accra, ohun tó bá níbẹ̀ ni kámẹ́rà rẹ̀ ká. Òun kọ́ ló kó o wọlé. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò sì lè jáde wá rojọ́ fúnra wọn, kí ẹnikẹ́ni sì gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí akọ̀ròyìn bá gbé owó dání. Nínú fíìmù “Number 12” tó jáde ní 2018, a rí Kwesi Nyantakyi, ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Ghana nígbà náà, tó ń ki 65,000 dọ́là bọ inú àpò ọ̀rá dúdú. Oníṣòwò tó kó owó náà fún un kì í ṣe oníṣòwò, ikọ̀ Anas ló ti wá. FIFA lé e kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí ayé, kóòtù eré ìdárayá wá dín in kù sí ọdún 15. Ẹnìkan lè ní àṣà wa ni ká fún àgbà lẹ́bùn. Obì àlejò kẹ̀? Ojútáyé là ń gbé ìyẹn sílẹ̀, a kì í dì í sínú ọ̀rá. Síbẹ̀, ẹni tó gbé ẹran síwájú ajá kò lè torí pé ajá gbé e kó ní olè ni ajá náà látọjọ́ tó ti dáyé. Ohun tí fídíò yẹn jẹ́rìí sí ni pé ó gbà á lọ́jọ́ náà. Ìyókù ń fẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ti àwọn adájọ́ 34 ní Ghana tí fídíò wọn jáde ní 2015 lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú mi. Òótọ́ ni pé ìdẹ náà ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n gba owó lé lórí, àwọn kan tiẹ̀ gba ewúrẹ́, kóòtù kan kọ́ sì ni. Nígbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìṣe ilé ni, kì í ṣe àṣìṣe ẹnìkan.

Kennedy Agyapong, tó jẹ́ aṣòfin nígbà náà, pe Anas ní alọ́nilọ́wọ́gbà. Anas pè é lẹ́jọ́, ó ní kó san mílíọ̀nù 25 sídì. Ní 2023, adájọ́ ní Accra da ẹjọ́ náà nù, ó ní iṣẹ́ Anas kì í ṣe ìròyìn, ìdẹ́rùbani ni. Ní 2025, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní New Jersey dá Anas láre lórí ọ̀rọ̀ tí Agyapong sọ sí i. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀sùn náà máa rí ibi dúró sí ni pé ẹni tó yan ẹni tí wọn yóò dẹ, tó tún gé fídíò bó ṣe wù ú, ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀ ló wà.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ní kí Anas ṣíjú rántí Ahmed Suale, ọmọ ikọ̀ rẹ̀. Agyapong gbé àwòrán rẹ̀ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kí wọ́n lù ú, òun yóò sanwó. Ní January 16, 2019, wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Madina. Nítorí náà, kí ojú máa wà lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Fídíò ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sọ sẹ́wọ̀n, odindi ló yẹ ká fi hàn án. Anas ní iṣẹ́ òun ni láti dárúkọ, láti dójú tini, láti sọni sẹ́wọ̀n. Ẹ̀kẹta yẹn, iṣẹ́ ọlọ́pàá àti adájọ́ ni. Bó bá máa bá wọn dá sí i, kí fídíò tó dé gbọ̀ngàn ìwòran, kí agbẹjọ́rò ẹni tí wọ́n ká ti wò ó láìgé, títí kan ibi tí wọ́n ti ń rọ̀ ọ́ pé kó gbowó, bí irú ibẹ̀ bá wà.