Ẹ̀rí Èké sí Ìsìn Ẹnìkejì

A mọ òfin tí ó kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké sí ẹnìkejì wa. Ǹjẹ́ òfin náà ha kan ìsìn tí ẹnìkejì wa ń sìn, bí kò tilẹ̀ bá tiwa mu?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òkèèrè. Púpọ̀ nínú wa kò bá ẹlẹ́sìn Buddha sọ̀rọ̀ rí. Sinimá àwọn ará Ṣáínà ni ó fi wọ́n hàn wá, ọkùnrin tí ó fárí kodoro, tí ń fò sókè, tí ó sì ń jà. Ère oníkùn ńlá tí ń rẹ́rìn-ín ni a sì ń pè ní Buddha. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Budai ni ẹni náà, àlùfáà kan ní Ṣáínà. Siddhartha Gautama, tí ó dá ìsìn náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà, ti gbé ayé ju 1,000 ọdún lọ ṣáájú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa yìn wọ́n pé oníwà tútù ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní 2017, ní Myanmar, níbi tí ẹlẹ́sìn Buddha pọ̀ jù, àwọn ọmọ ogun kọlu àwọn Rohingya, tí í ṣe Mùsùlùmí, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ju 700,000 fi sá lọ sí Bangladesh. Ẹ̀gàn tí a kò wádìí àti ìyìn tí a kò wádìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní 1992, sinimá àgbéléwò èdè Ígbò tí à ń pè ní Living in Bondage fi ọkùnrin kan hàn tí ó fi aya rẹ̀ ṣètùtù owó. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nínú sinimá Yorùbá pẹ̀lú, babaláwo ni a sì sábà máa ń fi ṣe ẹni tí ń béèrè orí ènìyàn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wò ó a gbà pé iṣẹ́ babaláwo nìyí. Kò mọ̀ pé odù Ifá jẹ́ 256, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ wọn sórí; kò sì mọ ìyàtọ̀ babaláwo sí apànìyàn.

Ẹnìkan lè wí pé, àwọn tí ń fi ènìyàn ṣowó kò ha sí bí? Wọ́n wà, kí òfin mú wọn, ìbáà ṣe ọ̀pẹ̀lẹ̀, Bíbélì tàbí tẹ̀sùbáà ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wòlíì kan bá lu jìbìtì, àwa kì í gbà pé ohun tí Ìjọ ń kọ́ni nìyẹn. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí a fi wọn ti ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn lè wí pé, bí irọ́ náà bá lé àwọn ọmọ wa jìnnà sí òrìṣà, kí ni ó burú? Èyí ni ó burú: ọmọ tí ó bá dàgbà tí ó sì rí i pé a purọ́ fún òun nípa Ifá yóò bèèrè ohun mìíràn tí a tún purọ́ nípa rẹ̀, kò sì ní yọ ìhìnrere sílẹ̀.

Àlùfáà E. M. Lijadu, ti Ìjọ tiwa, mọ ọ̀nà tí ó sàn jù. Ó tọ àwọn babaláwo lọ, ó gbọ́ ẹsẹ Ifá lẹ́nu wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bá Ifá jiyàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wí ní tòótọ́ ni ó bá jiyàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ní Agbówà àti ní agbègbè rẹ̀, bí ọmọ bá mú ìtàn sinimá wá sí kíláàsì, ẹ bi í léèrè pé, lẹ́nu ta ni o ti gbọ́ ọ? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.