Ta ni Olóore: Ẹ̀rọ ni tàbí Ẹni tí ó Kàn án?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe yìí kọ́ wa ni pé ẹ̀dá tí kò ní alábàárò kò ṣàìní olùtọ́jú. Ẹran ilé ni ti ènìyàn. Ẹni tí ó so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ni yóò wá ewé fún un. Ṣùgbọ́n ta ni ó so àgbọ̀nrín mọ́lẹ̀? Bí ènìyàn bá gbé oúnjẹ lọ bá ẹranko ìgbẹ́ tí kò bẹ̀ ẹ́, ǹjẹ́ oore ni ó ṣe é? Bí ó bá sì fi ẹ̀rọ rọ́pò ọwọ́ ara rẹ̀ ńkọ́, ta ni a ó pè ní olóore? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ̀rọ tí mo ń wí yìí kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ẹni tí ó bá mọ ayùn àti òòlù lò, tí ó sì ní òye iná bátìrì díẹ̀, lè kàn án ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Yóò gbé àgbá kan ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, yóò lu ihò sí ìdí rẹ̀, yóò fi ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ bo ihò náà, yóò sì da àgbàdo sínú àgbá. Ẹ̀rọ kékeré tí iná bátìrì ń yí ni yóò máa fa ilẹ̀kùn. Aago ni ó ń pàṣẹ: bí wákàtí bá pé, iná yóò wọlé, ilẹ̀kùn yóò ṣí, àgbàdo yóò sì fi ìwúwo ara rẹ̀ dà sílẹ̀. Láìpẹ́, iná yóò gba òdìkejì ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ gbà, ẹ̀rọ yóò yí sẹ́yìn, ilẹ̀kùn yóò sì padé.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí ní àwíjàre. Wọ́n ní kì í gbàgbé, kì í ṣàìsàn, kì í rin ìrìn àjò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ojúsàájú. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní ojú, báwo ni yóò ṣe ṣe ojúsàájú? Níbi àìlójú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ète. Ní ìpínlẹ̀ Texas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú ẹ̀rọ yìí wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ àdáni. Àwọn àgbọ̀nrín a mọ àkókò tí àgbàdo ń dà, wọn a sì wá. Nígbà tí àsìkò ọdẹ bá tó, ìbọn a ti máa dúró dè wọ́n. Òfin ibẹ̀ gbà á láyè. Ẹnìkan lè sọ pé ọdẹ ilẹ̀ wa náà máa ń lúgọ de ẹran lábẹ́ igi tí ń so. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n igi náà kò so nítorí ọdẹ. N kò sọ pé ẹni tí ń ṣọdẹ jẹun ṣẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a má pe ìdẹ ní oore.

Ète rere nìkan kò sì tó. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ìfẹ́ bọ́ ẹyẹ nínú ọgbà wọn, àrùn kan tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹyẹ kékeré ní ọdún 2005. Ojú oúnjẹ àti omi tí wọ́n jọ ń lò wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó o ran ara wọn. Ẹyẹ aláwọ̀ ewé tí a ń pè ní greenfinch dínkù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi kà á mọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn burú jù lọ níbẹ̀ ní ọdún 2021. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, àrùn ọpọlọ kan tí kò gbóògùn, tí a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára àgbọ̀nrín ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ọdún 1967, ń gba ara itọ́ ràn. Ìdí nìyí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi fi òfin de bíbọ́ àgbọ̀nrín. Bí ẹran tí ń ṣàìsàn bá dé ìdí àgbá, ẹ̀rọ yóò ṣílẹ̀kùn fún un bí ó ti ń ṣí i fún èyí tí ara rẹ̀ le.

Ǹjẹ́ kí a wá ká ọwọ́ kò pátápátá bí? Rárá o. Odídẹrẹ́ kan wà ní ilẹ̀ New Zealand tí a ń pè ní kakapo. Òru ni ó ń jẹ̀, kò sì lè fò. Àwọn ẹran apanijẹ tí ènìyàn kó wọ ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ run ún tán. Ní ọdún 1995, 51 péré ni ó kù. Àwọn olùtọ́jú kó wọn sí erékùṣù tí ewu kò pọ̀, wọ́n sì ń fún wọn ní oúnjẹ kún èyí tí igbó ń pèsè, kí wọ́n lè máa yé. Síbẹ̀, wọ́n rí i pé abo tí ó bá jẹun jù, ọmọ akọ ni ó ń pa jù, bẹ́ẹ̀ ọmọ abo ni ìran náà ṣaláìní. Wọn kò gbé oúnjẹ kúrò, wọn kò sì jẹ́ kí ó máa dà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń wọn abo kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bù fún un ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ akọ àti abo bọ̀ sípò. Ní ọdún 2022, iye wọn ti kọjá 200. Oúnjẹ yìí kan náà ni ó fẹ́ ṣe ibi tẹ́lẹ̀. Ojú tí ń ṣọ́ ọ ni ó sọ ọ́ di oore.

Ibi tí mo fìdí ọ̀rọ̀ mi tì sí nìyí. Ọjọ́ tí a bá ti kọ́ ẹran ìgbẹ́ láti máa dúró de aago wa ni a ti so ó mọ́lẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí okùn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di ojúṣe wa láti fọ ibi tí ó ti ń jẹun, láti wọn ohun tí ó ń jẹ, láti mọ èyí tí ń ṣàìsàn, àti láti dín oúnjẹ kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó. Ènìyàn lè gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ẹ̀rọ; kò lè gbé ẹrù ọrùn rẹ̀ fún un. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun kò ní ráyè padà wá wo ohun tí oúnjẹ òun dá sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí ẹran ìgbẹ́ máa jẹ̀ nínú igbó rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ìkà. Oore ni òun náà.