Kí A Tó Dárúkọ Ọlọ́jọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Àìsàn ni a lè wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe." Bí ọ̀dọ́ bá kú lójijì, ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ń tu ìyá rẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé apá kejì òwe náà nìkan ni a sábà máa ń rántí. Ọlọ́jọ́ a máa yá wa lẹ́nu. Àìsàn tí a lè wò kì í yá wa lọ́wọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí: bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń sáré lórí pápá, tí ọkàn rẹ̀ sì dúró lójijì, ìgbà wo ni ó tọ́ kí a wí pé ọlọ́jọ́ ni ó dé?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni mo ń sọ. Ọmọ Ìrẹ̀lẹ̀ ni mí, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, èmi ni olórí àwọn asáré ní ilé Yẹ́lò. Ọ̀rẹ́ mi kan wà láàárín wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí ti ẹtu. Ní ọ̀sẹ̀ ìdíje, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, nígbà mìíràn tí mo bá ń sáré, àyà mi a máa lù kìkìkì bí ẹni pé ó fẹ́ já, òòyì a sì kọ́ mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Mú ọkàn le."

Ní ọjọ́ ìdíje, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó dé òpin, ó dojú bolẹ̀ bí igi tí a gé. A sáré lọ bò ó. Ẹnìkan ń da omi sí i lórí, ẹnìkan ń fi ìwé fẹ́ ẹ, ẹnìkan ń wá ṣíbí tí yóò fi ya eyín rẹ̀; àwa yòókù ń pariwo. Kò sí ẹnìkan tí ó wò ó bóyá ó ń mí. Orí bá a ṣe é: ó dákú ni, ó sì jí fúnra rẹ̀. Wọ́n ní oòrùn ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún ń sáré, èmi náà sì tún ń pàtẹ́wọ́. Ó wà láàyè títí di òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n wa ni ó dá a sí. Bí ó bá ṣe pé ó kú ni, èmi gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ wí pé ọlọ́jọ́ dé. Irọ́ ni ǹ bá sì pa, nítorí pé ó ti sọ fún mi.

Ìlú wa ti rí irú ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí kú lójijì ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a ṣú, wọn a dákú, wọn a sì kú. Iye wọn ju mẹ́wàá lọ. Kíá ni ọ̀rọ̀ gba ìgboro pé Malòkun ni inú ń bí, pé àwọn kan ni ó ba ojúbọ rẹ̀ jẹ́. Èmi kò sọ èyí láti fi òrìṣà ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ohun tí mo ń wí ni pé nígbà tí àwọn oníṣègùn ṣe àyẹ̀wò, májèlé tí a ń pè ní methanol ni wọ́n rí, láti inú ògógóró tí àwọn ènìyàn náà mu. Bí ó bá ṣe pé a fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìbínú òrìṣà ni, ògógóró náà ìbá wà lórí àtẹ títí. Ikú òjijì a máa ní ìdí. Ẹni tí kò bá wá ìdí náà, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kú.

Ikú orí pápá náà ní ìdí tirẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, Samuel Okwaraji ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà lòdì sí Àǹgólà ní pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè, ní Èkó. Ó ṣubú ní ìṣẹ́jú 77, ó sì kú. Agbẹjọ́rò ni, ẹni ọdún 25 péré ni. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2003, Marc-Vivien Foé, ọmọ Kamẹrúùnù, ṣubú bákan náà ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé. Ẹran ara ọkàn rẹ̀ ni ó nípọn jù. Àwọn àìsàn wọ̀nyí a máa sá pamọ́ sínú ara tí ó le koko, débi pé ẹni tí gbogbo wa ń jowú agbára rẹ̀ ni ikú ń lúgọ dè.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo apá kejì ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2012, Fabrice Muamba, ẹni ọdún 23, ṣubú lórí pápá ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún ìṣẹ́jú 78, ọkàn rẹ̀ kò lù fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣègùn kò dáwọ́ dúró: wọ́n ń tẹ àyà rẹ̀, wọ́n ń fi iná mànàmáná jí ọkàn rẹ̀, títí ó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí lù. Ó yè é. Ní oṣù keje ọdún 2023, Bronny James, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Los Angeles, ṣubú níbi tí ó ti ń ṣe ìdánrawò bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n tètè dá sí i, ó sì padà sínú eré kí ọdún náà tó parí. Bí ó bá ṣe pé orí pápá ilé-ìwé tèmi ni Muamba ṣubú sí ni, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, aṣọ ni à bá fi bò ó lójú. Ṣé ọlọ́jọ́ Lọ́ńdọ̀nù láàánú ju tiwa lọ ni? Rárá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí àwa ń fi ẹnu wa ṣiṣẹ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Àyànmọ́ kò gbóògùn." Ṣùgbọ́n kí ni àwọn baba wa fúnra wọn ń ṣe? Bí a bá bí ọmọ, wọn a ṣe ìkọsẹ̀dáyé fún un, kí wọ́n lè mọ irú ẹsẹ̀ tí ó gbé wá sáyé àti ohun tí ó yẹ kí ó ṣọ́ra fún. Wọn a ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fi ọmọ fún ọkọ, àti kí wọ́n tó lọ sí ìrìn àjò. Àwọn tí ó gba àyànmọ́ gbọ́ jù lọ ni wọ́n ń yẹ nǹkan wò jù lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a yẹ ọkàn ọmọ wò kí a tó tú u sílẹ̀ láti sáré kò mú àṣà àjèjì wá.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Owó dà?" Òótọ́ ni. Láti ọdún 1982 ni òfin ilẹ̀ Ítálì ti ní kí gbogbo eléré ìje ṣe àyẹ̀wò, títí kan ti ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán bí ọkàn ṣe ń lù. Àwa kò tíì ní agbára bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé. Àmọ́ èló ni a ń san kí a tó béèrè ọ̀rọ̀? Ǹjẹ́ o ti dákú rí nígbà tí o ń sáré? Ǹjẹ́ àyà a máa dùn ọ́, tàbí kí ó máa já? Ǹjẹ́ ọ̀dọ́ kan kú lójijì rí nínú ìdílé yín? Ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó lọ rí oníṣègùn kí ó tó tún sáré. Bákan náà, ọwọ́ wa kò ní owó orí. Bí ẹnìkan bá ṣubú, tí a pè é tí kò dáhùn, tí kò sì mí bí ó ti yẹ, kí a tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ líle, kí a gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ní àárín àyà rẹ̀, kí a máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹlòmíràn ń sáré wá oníṣègùn. Bí ó bá tilẹ̀ ń mí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ariwo ọ̀fun, mímí kọ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni èyí: kí ni ṣíṣe bí àyẹ̀wò bá sọ pé kí ọmọ má sáré mọ́? Ní ọdún 1996, lẹ́yìn tí Nwankwo Kanu gba wúrà ní Atlanta, àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun ní Ítálì ṣe fún un fi àbùkù ọkàn hàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó sì padà gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan yóò jókòó. Ọ̀rẹ́ mi mọ èyí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń retí pé yóò gbé òun dé yunifásítì. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ èmi nìkan ni ó fọ̀rọ̀ lọ̀, tí kò sọ fún olùkọ́ kankan. Bí òtítọ́ bá máa gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, ọmọ yóò gbé òtítọ́ náà mì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ dáàbò bo eléré ìje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣèlérí fún un pé ìwé rẹ̀ kò ní í bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ.

Èmi kò bá òwe àwọn àgbà jà. Apá kìíní rẹ̀ jẹ́ gbèsè, apá kejì jẹ́ ìtùnú, kò sì tọ́ kí ẹni tí kò san gbèsè wá jókòó síbi ìtùnú. Ìgbà tí a bá ti béèrè, tí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí a ti tẹ àyà títí apá fi kọ̀, ìgbà náà ni ẹnu wa tó dárúkọ ọlọ́jọ́. Ní tèmi, bí asáré kan bá tún wá sọ fún mi pé àyà òun ń já, èmi kò ní í sọ fún un mọ́ pé kí ó mú ọkàn le. Èmi yóò ní, "Jẹ́ kí a lọ wo ọkàn náà."