Ẹrù Iṣẹ́ àti Ẹrù Ènìyàn

Kò sí ẹni tí ń gbé ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́ tí kò mọ àwọn ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ẹ ń rí wọn ní kùtùkùtù òwúrọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà nínú kóòtù funfun wọn, ìwé wúwo lápá wọn, ojú wọn sì pọ́n nítorí àìsùn. Òmíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ bíbí inú wa. Òmíràn jẹ́ àlejò tí ó háyà yàrá kan ṣoṣo nínú ilé wa. A máa ń kí wọn ní "dókítà" nígbà tí wọn kò tíì di dókítà, wọn a sì rẹ́rìn-ín, wọn a dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti jókòó ro irú ayé tí wọ́n ń gbé lẹ́yìn ẹ̀rín náà?

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé ìbéèrè kan yẹ̀wò. Ìyà ń jẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò sí àní-àní. Àwọn àgbà a sì máa sọ fún wọn pé, "Ẹ ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe é." Ǹjẹ́ gbogbo ìyà tí ó wà lójú ọ̀nà iṣẹ́ rere ni a gbọ́dọ̀ fi sùúrù gbà bí? Àbí ìyà kan wà tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tí òmíràn sì jẹ́ èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì ru ẹnì kejì rẹ̀?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀nà náà ti jìn tó. Ní ọdún 1982 ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, èyí tí a yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2001 sí ti Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà nígbà tí a dá a sílẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìlera rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ọmọ tí ó bá wọlé láti kọ́ ìṣègùn níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Àgọ́-Ìwòyè. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sí Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí yóò ti kọ́ orúkọ gbogbo egungun, iṣan àti ẹ̀yà ara, bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti omi ara. Bí ó bá yege nínú ìdánwò ńlá tí ó wà níbẹ̀, yóò kọjá sí Ṣàgámù, sí ilé ìwòsàn ńlá tí a sọ di ilé ìkọ́ṣẹ́ àwọn dókítà ní ọdún 1986, kí ó lè máa fi ojú ara rẹ̀ rí àìsàn, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Ọdún mẹ́fà ni èyí, bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún kan lábẹ́ àbójútó àwọn àgbà dókítà, yóò sì tún fi ọdún kan sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ọmọ tí ó wọlé ní ọdún 17 yóò ti pé ọdún 25 kí ó tó lè dá dúró. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó kọ́ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin ti ń gba owó oṣù. Òun ṣì ń béèrè owó oúnjẹ láti ilé.

Nínú ọ̀nà gígùn yìí, àwọn ẹrù kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀ kalẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Èkíní ni òkú. Ọmọ tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ yóò dúró ti òkú ènìyàn, yóò mú ọ̀bẹ, yóò sì máa wá iṣan kan lẹ́yìn èkejì, fún ọjọ́ púpọ̀. Oògùn tí a fi pa òkú náà mọ́ yóò ta á lójú, òórùn rẹ̀ yóò sì bá a dé ìdí oúnjẹ. Èkejì ni ohun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́ sórí, tí kò lópin: bí ó ti ń kọ́ ti òní, ti àná ń sá lọ. Ẹ̀kẹta, tí ó wúwo jù lọ, ni ikú àkọ́kọ́. Gbogbo wa ni a mọ oríta Ṣàgámù ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, a sì mọ irú àwọn tí wọ́n máa ń gbé wá láti ojú ọ̀nà náà ní òru. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró ti ọ̀kan nínú wọn, tí yóò rí i tí àwọn àgbà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀, tí ẹ̀mí yóò sì bọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, kíláàsì ń dúró dè é.

Àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní ẹrù iṣẹ́. Kò sí ìkà nínú wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kọ́ ìṣègùn tán láàárín oṣù mẹ́fà, ta ni nínú wa ni yóò jẹ́ kí ó la ikùn òun? Òkú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀bẹ kàn lónìí ni kò ní jẹ́ kí ó ge ohun tí kò yẹ kí ó gé lára alààyè lọ́la. Fún irú ẹrù báyìí ni àwọn baba wa ṣe sọ pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Níhìn-ín ni sùúrù ti jẹ́ ìwà rere nítòótọ́, nítorí pé aláìsàn ni yóò jẹ èrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Ní ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ní orílẹ̀-èdè yìí yanṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ. Ní ọdún 2020, ìyanṣẹ́lódì mìíràn ti gba oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn olùkọ́ ní ẹ̀sùn tí ó tọ́, àwọn ìjọba sì ní àwíjàre tiwọn, ṣùgbọ́n ọdún tí ó lọ kò sí nínú àpò ẹnikẹ́ni láti san padà fún ọmọ náà. Fi èyí kún iná tí kì í sí ní àkókò ìdánwò, àti owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ń gòkè nígbà tí ọjà ìyá rẹ̀ kò gòkè. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fi ọ̀rọ̀ ẹnu kún un. Ní ilé ìwòsàn púpọ̀ káàkiri ayé, àṣà kan wà tí ó ti pẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìdáhùn ni a ó pè ní òmùgọ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, níwájú nọ́ọ̀sì, àti níwájú aláìsàn tí ó dùbúlẹ̀. A ó bi í léèrè ta ni ó rán an wá. A ó bú ilé tí ó ti jáde. Èyí ni mo pè ní ẹrù ènìyàn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ líle ni ó ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di ọkùnrin, tí ó sì ń sọ ọ́ di obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ṣi òṣùwọ̀n oògùn wọ̀n, tí ó sì dákẹ́ nítorí àánú, kò ṣàánú rárá; aláìsàn ni yóò fi ẹ̀mí san gbèsè àánú náà. Ó gbọ́dọ̀ bá a wí, kí ó sì bá a wí gidigidi. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí a bá àṣìṣe wí àti kí a tẹ́ ẹni tí ó ṣe é. "Ohun tí o ṣe yìí lè pa ènìyàn, wá, kí n fi bí a ti ń ṣe é hàn ọ́": ìbáwí nìyẹn. "Orí rẹ kò pé": èyí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Ó sì tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ro ohun tí ìtìjú ń kọ́ ọmọ náà ní tòótọ́. Ó ń kọ́ ọ pé ewu wà nínú kí ó sọ pé, "Èmi kò mọ̀." Yóò kọ́ bí a ti ń fi àìmọ̀ pamọ́, bí a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó mọ̀, bí a ti ń rọra méfò. Lọ́dún mẹ́wàá sí i, ẹni yìí kan náà ni yóò dúró lórí ibùsùn ọmọ rẹ ní òru, tí àìsàn náà kò ní yé e, tí kò sì ní ránṣẹ́ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Nígbà náà ni a ó mọ̀ pé èébú tí a bú u lọ́jọ́sí kò tán sórí rẹ̀. Ìyà fúnra rẹ̀ kì í kọ́ni ní àánú. Ẹni tí a ṣàánú fún nígbà tí kò mọ̀ ni ó ń kọ́ bí a ti ń ṣàánú fún ẹni tí kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a gbà pé ohun tí ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò máa wà bẹ́ẹ̀ títí. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yaba ní ọdún 1930, olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n fẹ́ fi àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ṣe, ìwé ẹ̀rí wọn kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan sọ pé kí wọ́n ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1934, irú ẹ̀dùn ọkàn yìí lórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yaba wà lára ohun tí ó mú kí àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó, ẹgbẹ́ tí ó padà di Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ Nàìjíríà, tí Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà nínú àwọn aṣáájú rẹ̀ ní Ìbàdàn. A dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948; síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní láti lọ parí ẹ̀kọ́ wọn ní òkè òkun, títí a fi ṣí ilé ìwòsàn ńlá ti Ìbàdàn ní 1957. Lónìí, ọmọ Rẹ́mọ lè kọ́ ìṣègùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì rékọjá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹrù ènìyàn ni èyí tí a sọ̀ kalẹ̀ yẹn, ènìyàn ni ó sì sọ̀ ọ́.

Bákan náà ni ó rí ní ìlú New York. Ní 1984, ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan kú ní ilé ìwòsàn, lábẹ́ ìtọ́jú àwọn dókítà tí wọ́n ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ikú rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè wákàtí mélòó ni irú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ ń fi ṣiṣẹ́ láìsùn. Títí di ìgbà náà, gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé àìsùn jẹ́ ara iṣẹ́. Ní 1989, ìpínlẹ̀ náà fi òfin dí i mọ́ wákàtí 80 ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé tún ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ti ń lò láti 1948 ṣe. Wọ́n fi kún un pé kí dókítà máa tọ́jú ìlera ara rẹ̀, kí ó sì máa bu ọlá fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bu ọlá fún olùkọ́ rẹ̀. Èyí fi hàn pé àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù lọ ti gbà pé ọ̀wọ̀ kì í ṣe ohun tí ń gòkè nìkan, tí kì í sọ̀ kalẹ̀.

Kí ni ó kan àwa tí a kì í ṣe dókítà? Ó kàn wá púpọ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ yan iṣẹ́ yìí fún ọmọ nítorí kí a lè máa pè yín ní ìyá dókítà, ẹ má ṣe fi ìbéèrè "ìgbà wo ni ẹ máa parí?" kí i káàbọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá wálé. Kì í ṣe òun ni ó yanṣẹ́ lódì. Ẹ̀yin onílé, ẹ ro bí ẹ ti ń fi owó lé owó yàrá lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá fi ìtẹríba tọrọ àyè láti bi yín ní ìbéèrè tàbí láti gbọ́ bí àyà yín ti ń lù, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Ara yín ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá kọ̀, ta ni yóò mọ bí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ wa?

Sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ fi sùúrù ru ẹrù iṣẹ́. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Ní ti ẹrù ènìyàn, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ jáde fún ẹni tí ó lè sọ̀ ọ́, ẹ má sì dá a rù ní ìkọ̀kọ̀ títí yóò fi wọ̀ yín lọ́rùn. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ̀yin náà yóò di àgbà dókítà, tí ọmọ kan yóò dúró níwájú yín, tí kò ní mọ ìdáhùn. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí yín ni yóò wá sí yín lẹ́nu. Ẹ gbé e mì, kí ẹ sì fi bí a ti ń ṣe é hàn án.